Kí ló dé tí ìjì fi ń ṣí òrùlé kan, tó sì ń fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀? Ohun tó yẹ kí onílé mọ̀ nípa igi àjà àti férémù òrùlé

Ní agbedeméjì orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ìjì ló sábà máa ń kéde àkókò òjò. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ń kógbá sílé, ojú ọ̀run máa ń ṣú láti ìlà oòrùn, eruku á sọ lálá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òrùlé ni onílé kọ́kọ́ máa ń gbójú sókè wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń kọ́lé ní Broukro gbọ̀ngbọ̀n. Àdúgbò kan ni Broukro jẹ́ ní ìlú Bouaké, ìlú ńlá tó wà ní nǹkan bí 350 kìlómítà sí àríwá Abidjan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ orúkọ Bouaké láti ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 2024, nígbà tí Super Eagles fẹ̀yìn South Africa gbálẹ̀ níbẹ̀ nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. "Kro" tó wà ní ìparí orúkọ àdúgbò náà jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Baoulé tó túmọ̀ sí abúlé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Yamoussoukro.

Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú láti Abidjan dé Ìbàdàn, ògiri búlọ́ọ̀kù àti òrùlé páànù ni ọ̀pọ̀ ilé ní níbẹ̀. Bí ìjì bá sì kọjá lọ tán, ohun kan máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: ilé méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí páànù wọn jẹ́ irú kan náà, kí ìjì kan náà sì fẹ́ lù wọ́n, ṣùgbọ́n kí òrùlé ọ̀kan wà lójú àgbàlá, kí ti èkejì má yẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kádàrá ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn wà lábẹ́ páànù, níbi tí ojú onílé kì í dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kan àjà tán. Ó wà nínú bí igi ṣe tóbi tó, bí àlàfo àárín igi kan sí èkejì ṣe fẹ̀ tó, àti ohun tó so igi náà mọ́ ògiri.

Ọ̀rọ̀ owó ńlá ni. Láti ìgbà ìjọba àwọn Faransé ni àwọn ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní Anago, ti ń ṣòwò ní orílẹ̀-èdè náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tan mọ́ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ẹni tó bá ń fi owó ránṣẹ́ láti Bouaké kọ́lé ní Èjìgbò, tàbí tó ń kọ́ ọ níbi tó ń gbé, lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kó owó òrùlé jọ. Ìjì tó fẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú péré lè gbé owó náà lọ.

Igi wo ló ń ṣe iṣẹ́ wo?

Igi àjà ni àwọn pákó tó nà gbọọrọ láti orí ògiri kan dé orí ògiri kejì, tí wọ́n máa ń kan àjà mọ́ lábẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó gbé àjà, kí ó gbé ẹni tó bá gun òkè lọ tún wáyà iná ṣe, kí ó má sì tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Lókè rẹ̀ ni igi tó dà gẹ̀rẹ̀ wà, èyí tó ń fún òrùlé ní ìrísí rẹ̀. Àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú lórí igi gẹ̀rẹ̀ yìí ni wọ́n ń kan páànù mọ́.

Bí a bá fi igi gẹ̀rẹ̀ méjì gbára lé ara wọn, tí a sì gbé ẹrù lé ibi tí orí wọn ti pàdé, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fẹ́ yà síta. Lórí ilé, ògiri ni ẹsẹ̀ yìí yóò máa tì. Bí ó bá ń tì í bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ògiri lè bẹ̀rẹ̀ sí í sán lókè, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà sì ti sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ohun tó ń dènà èyí ni igi kẹta, èyí tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀. Ó wá di igun mẹ́ta. Igun mẹ́ta yìí ni àwọn káfíńtà ní Nàìjíríà ń pè ní "truss", tí àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pè ní "ferme". Nínú àròkọ yìí, férémù òrùlé ni a ó máa pè é.

Kí ló dé tó fi jẹ́ igun mẹ́ta? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè fi ìṣó kan igi mẹ́rin pọ̀ ní igun mẹ́rin, kí ó sì tì í láti ẹ̀gbẹ́. Yóò wọ́ sápá kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi kankan kò ṣẹ́. Kí ó wá fi igi mẹ́ta ṣe é. Kò ní wọ́, àfi bí ọ̀kan nínú igi náà bá ṣẹ́ tàbí tí ìṣó rẹ̀ bá yọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi àwọn igi kéékèèké sáàárín férémù, tí yóò pín in sí oríṣiríṣi igun mẹ́ta. Bí àwọn igi inú yìí bá ṣe ń dá igi gígùn dúró lágbedeméjì ni pákó tí kò tóbi púpọ̀ yóò ṣe lè gbé òrùlé yàrá tó fẹ̀.

Ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gé igi kan kúrò nínú férémù nítorí pé ó dí ọ̀nà páìpù tàbí wáyà. Igi tó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan lè jẹ́ òun ló di gbogbo rẹ̀ mú.

Gíga, gígùn àti àlàfo: ìṣirò kan ṣoṣo ni

Ìbéèrè tí onílé sábà máa ń bi káfíńtà ni pé: "Pákó mélòó ni a nílò?" Ṣùgbọ́n iye pákó kò lè dá dúró. Ohun mẹ́ta ló so kọ́ra wọn, tí ọ̀kan kò fi lè yí padà kí àwọn tó kù má mọ̀ ọ́n lára: bí pákó ṣe ga tó, bí àyè tó rékọjá láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀ ṣe gùn tó, àti bí àlàfo tó wà láàárín òun àti èkejì rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká mú gíga ní àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mú rúlà tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, tó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ láàárín, yóò rí i pé ó tẹ̀. Bí ó bá dá a dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní tẹ̀. Rúlà kan náà ni, ìdúró rẹ̀ ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pákó ṣe rí. Pákó tó fẹ̀ ní ínṣì 2, tó sì ga ní ínṣì 4, máa ń le ní ìlọ́po mẹ́rin bí ó bá dúró lórí ẹ̀gbẹ́ ju ìgbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 2 sí 6, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni.

Bí a bá sọ sísanra pákó di méjì, líle rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ gíga rẹ̀ di méjì, líle rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Èyí ló fi hàn pé ẹni tó ní owó díẹ̀ láti fi kún pákó yóò jèrè jù bí ó bá ra èyí tó ga ju kí ó ra èyí tó sanra lọ.

Èkejì ni gígùn àyè. Bí ẹrù tó wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan kò bá yí padà, tí àyè tí igi rékọjá sì gùn sí i ní ìlọ́po méjì, títẹ̀ igi náà yóò di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Nínú gbogbo ìṣirò òrùlé, bóyá ni òmíràn wà tí àwọn ènìyàn ń fojú kéré tó èyí. Onílé lè rò pé nítorí pé pákó kan tó fún yàrá àwọn ọmọ, yóò tó fún pálọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta ni àlàfo. Igi kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹrù ìdajì àlàfo tó wà ní ọ̀tún rẹ̀ àti ìdajì èyí tó wà ní òsì. Bí àlàfo bá jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹrù rẹ̀ kò ju ti 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bí wọ́n bá yọ igi kan láàárín igi méjì láti dín owó kù, àlàfo di 120, ẹrù igi kọ̀ọ̀kan sì di ìlọ́po méjì.

Àpẹẹrẹ yàrá kan

Ká mú yàrá kan tó fẹ̀ ní mítà 3.6. Ká sọ pé àlàfo igi àjà jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, àti pé àjà pẹ̀lú ìwúwo tí a gbà láyè fún ẹni tó bá gun un jẹ́ 50 kg lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Igi kọ̀ọ̀kan yóò gbé 108 kg, èyí tó lé díẹ̀ ní àpò sìmẹ́ǹtì méjì.

Bí igi náà bá jẹ́ pákó ínṣì 2 sí 4 tí líle rẹ̀ mọ níwọ̀nba, àárín rẹ̀ yóò wọ̀ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 2 sí 6, kò ní ju nǹkan bí mìlímítà 6 lọ. Pákó kejì fi ìdajì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n títẹ̀ rẹ̀ kò pé ìdá kan nínú mẹ́ta.

Òdiwọ̀n kan tí àwọn ẹnjiníà máa ń lò fún àjà tó lè sán ni pé kí igi má ṣe tẹ̀ ju ìdá kan nínú 360 gígùn àyè tó rékọjá. Fún mítà 3.6, sẹ̀ǹtímítà 1 nìyẹn. Pákó ínṣì 2 sí 6 yege. Ínṣì 2 sí 4 kò yege. Bí káfíńtà bá sì lo ínṣì 2 sí 4 kan náà pẹ̀lú àlàfo 120, sẹ̀ǹtímítà 4 ni yóò fi wọ̀.

Ìyẹn kì í ṣe òpin rẹ̀. Igi tó bá wà lábẹ́ ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń tẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí ó bá tutù nígbà tí wọ́n kàn án. Ìdí nìyí tí àjà tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́jọ́ ìṣílé fi lè dà bí ikùn ìkòkò lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba pákó tó tóbi. Bí igi àjà bá rí ohun gbára lé lágbedeméjì, bóyá ògiri inú ilé tàbí igi kan tó so ó mọ́ férémù lókè, àyè tó ń rékọjá di ìdajì. Nínú àpẹẹrẹ yìí, pákó ínṣì 2 sí 4 tó wọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 kò ní wọ̀ ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ mọ́. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ máa ń wá irú ibi ìgbáralé bẹ́ẹ̀ kí ó tó kọ iye pákó sílẹ̀ fún onílé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí igi àjà kò lè gbé rárá: ọkọ̀ omi. Omi 1,000 lítà wúwo tó 1,000 kg, ìyẹn ogún àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sókè gbọ́dọ̀ wá ibùjókòó tirẹ̀ fún un, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ tàbí ògiri tó lágbára.

Ínṣì ní Èjìgbò, sẹ̀ǹtímítà ní Bouaké

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti àwọn tó ń kọ́lé láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Ní Nàìjíríà, ínṣì ni wọ́n fi ń ta pákó: 2 sí 3, 2 sí 4, 2 sí 6. Ní Côte d'Ivoire, sẹ̀ǹtímítà àti orúkọ Faransé ni: "chevron" fún èyí tó kéré, "bastaing" fún èyí tó tẹ̀ lé e, "madrier" fún èyí tó tóbi.

Pákó ínṣì 2 sí 4 jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Ínṣì 2 sí 6 jẹ́ nǹkan bí 5 sí 15. Nínú òṣùwọ̀n àwọn Faransé, "madrier" jẹ́ 7.5 sí 22.5, tí ó sún mọ́ ínṣì 3 sí 9. "Chevron" wà ní àyíká 6 sí 8. Ẹni tó bá gba àwòrán ilé láti ìhà kan, tó sì ra pákó ní ìhà kejì, gbọ́dọ̀ wọn gíga rẹ̀ kí ó tó sanwó, nítorí gíga yẹn ni líle rẹ̀ wà.

Orúkọ tí wọ́n ń pe pákó sì lè má bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òṣùwọ̀n ló sọ ọ́ pé pákó tí wọ́n ń pè ní 2 sí 4, tí wọ́n ti fá, jẹ́ ínṣì 1.5 sí 3.5, àwọn tó ń ṣe ìṣirò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ewu wà níbi tí wọ́n ti ṣe ìṣirò pẹ̀lú 2 sí 4 gidi, tí ọjà sì gbé ohun tó kéré sí i jáde. Bí pákó bá jẹ́ 1.75 sí 3.5 dípò 2 sí 4, ojú lásán lè má rí i. Ṣùgbọ́n ó ti pàdánù nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún líle rẹ̀. Téèpù ìdíwọ̀n nìkan ló lè sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún onílé.

Irú igi wo?

Ọ̀pọ̀ igi tó wà ní ọjà pákó Côte d'Ivoire kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá, orúkọ wọn ló yàtọ̀. Igi tí wọ́n ń pè ní "framiré" níbẹ̀ ni ìdígbó, orúkọ Yorùbá yìí gan-an sì ni àwọn oníṣòwò igi ní Gẹ̀ẹ́sì ń lò káàkiri àgbáyé. "Fraké" ni afárà. "Samba" ni arère. "Lingué" ni apá. Ìrókò kò yí orúkọ padà ní tirẹ̀.

Agbára wọn kò dọ́gba. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀, kò yẹ kí wọ́n fi rọ́pò igi líle láìyí gíga tàbí àlàfo padà. Afárà lágbára níwọ̀nba ṣùgbọ́n kòkòrò àti ìdíbàjẹ́ tètè máa ń mú un bí wọn kò bá fi oògùn kùn ún. Ìrókò àti apá le, wọ́n sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n owó wọn ga, igbó tí wọ́n ti ń gé wọn sì ń dínkù. Igi tíìkì náà wà ní agbègbè Bouaké, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín láti ìgbà ìjọba àwọn Faransé.

Ṣáájú páànù àti pákó, àwọn ará ilẹ̀ Baoulé ti mọ igi tí ikán kì í tètè jẹ. Àgbọn olódù, igi tó fara jọ ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní "rônier", pọ̀ ní pápá ilẹ̀ náà. Líle ara rẹ̀ àti bí ikán ṣe ń yà fún un ló jẹ́ kí wọ́n máa lò ó fún òrùlé ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ní Nàìjíríà, ìwé òṣùwọ̀n igi ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní NCP 2, tó jáde ní ọdún 1973, pín igi sí ìpele agbára méje, láti N1 dé N7. Ohun tí ìpín yìí ń sọ ni pé ínṣì nìkan kò tó. Pákó méjì lè gùn bákan náà kí wọ́n sì ga bákan náà, kí ọ̀kan má lè gbé ohun tí èkejì ń gbé.

Ìjì kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń fà á sókè

Títí di ìsinsìnyí, ẹrù tó ń wá sísàlẹ̀ ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí kò sí yìnyín tó ń gbárajọ lórí ilé, tí páànù sì fúyẹ́, ìsàlẹ̀ kọ́ ni ewu tó tóbi jù ti ń wá.

Páànù irin tó fẹ́lẹ́ kì í sábà wúwo ju nǹkan bí 3 kg lórí mítà onígun mẹ́rin kan lọ. Bí a bá ka igi rẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo òrùlé lè má ju 20 kg lọ. Ìjì tó bá ń sáré ní 108 kìlómítà láàárín wákàtí kan ní agbára tó tó nǹkan bí 56 kg lórí mítà onígun mẹ́rin kan náà. Bí ó ti ń kọjá lórí òrùlé, ńṣe ló máa ń fà á sókè. Bí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé bá sì ṣí, atẹ́gùn tó wọlé yóò máa tì í láti inú. Bí ìyára ìjì bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ká wá padà sí ọ̀rọ̀ àlàfo. Bí férémù bá rékọjá mítà 6, tí àlàfo àárín wọn sì jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà, tí ìjì náà sì fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á, yóò ku nǹkan bí 260 kg tó ń fa férémù kọ̀ọ̀kan sókè lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìwúwo òrùlé fúnra rẹ̀ kúrò. Ìyẹn jẹ́ 130 kg ní orí ògiri kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ohun kan ń fa àpò sìmẹ́ǹtì méjì ààbọ̀ gòkè láti ibi ìsopọ̀ kan ṣoṣo. Bí àlàfo bá jẹ́ 60, yóò di 65 kg. Ní etí òrùlé àti ní igun ilé, fífà náà tún máa ń le ju ti àárín lọ.

Bí ó bá jẹ́ ìṣó méjì tí wọ́n kàn gba ẹ̀gbẹ́ pákó wọ inú igi orí ògiri ló di ibẹ̀ mú, ìṣó náà lè fà yọ bí ẹni fa koríko, pàápàá bí wọ́n bá kan igi náà nígbà tó ṣì tutù. Igi tútù máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, ihò ìṣó á sì tú. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti ṣẹ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ìjì kò dá àṣìṣe náà sílẹ̀, ó kàn tú u síta ni.

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Kí bíríkìlà fi ọ̀pá irin tàbí bẹ́líìtì irin sínú kọǹkéré tó yí orí ògiri ká kí ó tó gan, kí ó sì jẹ́ kí ó yọ sókè. Nígbà tí káfíńtà bá gbé férémù dé, irin yẹn ni yóò gba orí igi kọjá, tí yóò sì dì í mọ́ ògiri. Búlọ́ọ̀kù orí ògiri nìkan kò tó láti di òrùlé mú bí kò bá sí kọǹkéré tó so ó pọ̀.

Kì í ṣe Áfíríkà nìkan ló kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìjì ńlá Andrew wó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1992, òrùlé tí wọn kò dè dáadáa sì wà lára ohun tí àwọn olùwádìí tọ́ka sí. Ìpínlẹ̀ náà tún òfin ìkọ́lé rẹ̀ ṣe, òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002. Bẹ́líìtì irin tó so òrùlé mọ́ ògiri wá di ohun tí ayẹ̀léwò kì í fojú fò.

Ohun tí onílé lè yẹ̀ wò kí wọ́n tó kan páànù

Ọjọ́ tí igi ti dúró ṣùgbọ́n tí páànù kò tíì bò ó ni ọjọ́ tó dára jù láti béèrè ìbéèrè. Bí onílé kò bá sí nílé, ó lè ní kí wọ́n ya fọ́tò àti fídíò ránṣẹ́, pẹ̀lú téèpù ìdíwọ̀n lójú àwòrán. Àwọn ohun tó yẹ kí ó wò nìwọ̀nyí:

- Gíga àti sísanra pákó: ṣé ó bá ohun tí ẹnjiníà tàbí ayàwòrán ilé kọ sílẹ̀ mu? Ṣé wọ́n dá a dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?
- Àlàfo: kí wọ́n wọ̀n ọ́n láti àárín igi kan dé àárín èkejì, ní ibi mélòó kan. Àlàfo tó bẹ̀rẹ̀ ní 90 lẹ́nu ọ̀nà lè ti di 130 ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí pákó ti tán lọ́wọ́ káfíńtà.
- Ìsopọ̀ igi: bí wọ́n bá fi pákó méjì ṣe ọ̀kan, ibo ni wọ́n ti so ó? Orí ògiri tàbí òpó ló yẹ kí ó wà. Agbedeméjì àyè ni ibi tó burú jù.
- Ìdè ògiri: ṣé irin wà ní orí férémù kọ̀ọ̀kan, àbí ìṣó nìkan?
- Ìdè láàárín férémù sí férémù: ṣé igi kan wà tó dábùú gẹ̀rẹ̀ láti so wọ́n pọ̀, kí wọ́n má baà ṣubú lé ara wọn bí káàdì?
- Ipò igi: ṣé ó ní kókó ńlá ní àárín, ṣé ó ti sán, ṣé ó ṣì tutù, ṣé wọ́n ti fi oògùn ikán kùn ún?
- Ìtàn òrùlé síta: bí ó bá yọ síta púpọ̀, atẹ́gùn yóò rí ibi mú. Òrùlé tó dà gẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábà máa ń fara da ìjì ju èyí tó dà sí ẹ̀gbẹ́ méjì lọ.

Àwọn iye tó wà nínú àròkọ yìí wà fún òye ni, wọn kò lè rọ́pò iṣẹ́ ẹnjiníà tó rí ilé náà, tó mọ irú igi tó wà lọ́jà, tó sì mọ bí ìjì ṣe ń fẹ́ ládùúgbò. Côte d'Ivoire ní òfin ìkọ́lé àti ibùgbé tó jáde ní oṣù Kẹfà, ọdún 2019. Nàìjíríà náà ti ní ìwé òfin ìkọ́lé láti ọdún 2006. Ṣùgbọ́n òfin kì í gun àkàbà. Onílé tàbí ẹni tó rán ni yóò gùn ún.

Níbo ni owó ti lè dínkù?

Kò sí ẹni tó ń kọ́lé tí kò fẹ́ dín owó kù, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ibi tí ènìyàn ti ń dín in kù. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ férémù kan láàárín méjì ti dín owó igi kù, ṣùgbọ́n ó ti sọ ẹrù àti agbára ìjì di ìlọ́po méjì lórí gbogbo ibi ìsopọ̀ tó kù, láìfi ìṣó kan kún un.

Ẹni tó bá wá ibi ìgbáralé fún igi àjà sórí ògiri inú ilé, tó dín ìtàn òrùlé síta kù, tó yan pákó tó ga dípò èyí tó sanra, náà ti dín owó kù. Ṣùgbọ́n òrùlé tirẹ̀ ṣì lágbára. Irin tó so férémù mọ́ ògiri sì wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo owó òrùlé.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tún ṣú ní Broukro, ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò tún gba ìjì kan náà. Ohun tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ ti parí kí wọ́n tó kan páànù àkọ́kọ́: gíga pákó, àlàfo àárín wọn, àti irin kékeré tó di igi mú mọ́ ògiri.